Ọjọ́ tí Ọ̀rọ̀ Aṣínà Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́

Nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ /etc/shadow. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń lo ẹ̀rọ náà ló ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀, kólọ́ọ̀nù ló sì pín ìlà náà sí abala-abala. Abala kẹta ni mo ń bá lọ: iye ọjọ́ láti 1 oṣù kìíní 1970 títí di ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà onítọ̀hún. Bí ẹ bá rí 20000 níbẹ̀, 4 oṣù kẹwàá 2024 nìyẹn.

Báwo la ṣe fẹ́ kọ orúkọ abala yìí sójú ẹ̀rọ ní Yorùbá? "Ìpààrọ̀ ìkẹyìn" ló máa ń yá lẹ́nu. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tó bá ti jẹ́ ìkẹyìn létí wa, òmíràn kì í tẹ̀ lé e mọ́. Ẹni tó bá kà á lè rò pé òun ò láṣẹ àtipààrọ̀ rẹ̀ mọ́. "Ìgbà tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn" dán mọ́rán ju ìyẹn lọ, àmọ́ "ẹ" yẹn lè di irọ́. Alábòójútó ẹ̀rọ lè bá èèyàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà náà á sì yí padà bákan náà. Abala yìí kì í sọ ẹni tó ṣe é. Tí a bá wá kọ "wọ́n pààrọ̀ rẹ̀", àyà ẹni tó ni ín á já. Ta ni "wọ́n"? Ṣé olè ti wọlé ni?

Èmi á kọ "Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ aṣínà yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́". Kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́rìí èké, ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ gan-an ló sì sọ. Ó tún bá ohun tí a nílò ọjọ́ náà fún mu. Láti 2017 ni àjọ NIST ti Amẹ́ríkà ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí a yéé fi dandan mú èèyàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà lóòrèkóòrè, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Tí àṣírí bá wá tú, ohun tí a máa kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ti wà kí ó tó tú, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ló dé.

Bí òdo bá wà ní abala náà ńkọ́? Kí ẹ̀rọ má ṣe kọ 1970 síbẹ̀ o. Àṣẹ ni òdo yẹn: "Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà yín kí ẹ tó lè tẹ̀ síwájú."