Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Bí àwọn àgbà bá wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kì í ṣe pé àwọn ẹran omi yòókù fọ́jú. Ohun tí wọ́n rí ni pé ojú alákàn yọ síta ṣóńṣó, ó ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀gbẹ́, orí tirẹ̀ nìkan ni ó sì ń ṣọ́. Ibi tí òwe yìí ti gba àròjinlẹ̀ ni ilé ìtajà alájọlò, irú èyí tí ó kún àdúgbò Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà, tí aráyé ń pè ní Computer Village, níbi tí ẹni tí ń ta fóònù, ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe àti ẹni tí ń kó ẹrù pamọ́ ti ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. Orí pọ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò ni ojú?

Láti 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ Axis ní ìlú Lund ní Sweden ti gbé kámẹ́rà tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, ni ojú ti kúrò lára orí: ọlọ́jà lè wà ní Guangzhou níbi tí ó ti lọ rajà, kí ó máa wo ìsọ̀ rẹ̀ l'Ékòó. Wáyà kan náà tí ń gbé àwòrán lè gbé iná fún kámẹ́rà títí dé mítà 100. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa. Kámẹ́rà tí ń rán mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò jẹ gígábáìtì 43 lójúmọ́. Bí irú rẹ̀ bá jẹ́ 16, àpótí ìpamọ́ tẹ́rábáìtì 4 yóò kún kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀rọ yóò sì máa pa ti àtijọ́ rẹ́ láti gba tuntun. Olè tí a kò fura sí títí ó fi di ọjọ́ kẹwàá ti lọ ráúráú nìyẹn. N kò tíì sọ ti iná mànàmáná wa, tí ó mọ ìgbà tí olè ń bọ̀ ju mẹ́gádì lọ.

Síbẹ̀, bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní 2016, ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Mirai kàn ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé iṣẹ́ fi sára ẹ̀rọ wò, èyí tí olówó ẹ̀rọ kò yí padà, ó sì fi kó ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́rú. Ikú tòde nìyẹn. Ti ilé ni ó ń kọ mí lóminú. Onílé tí ó dá aṣínà mú lè máa wo iye owó tí ayálégbé ń kà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà ilé náà lè pa àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́. Lójú tèmi, kí olúkúlùkù máa wo inú ìsọ̀ tirẹ̀ nìkan, kí ẹnu géètì, àtẹ̀gùn àti ìdí jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ti gbogbo ilé, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí àwòrán wọn láìsí ẹnì kejì. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 kò yọ àwòrán oníbàárà sílẹ̀.

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé, kí ẹ tó dá owó kámẹ́rà jọ, ẹ jókòó, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tí yóò di aṣínà mú sílẹ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i.