Àtòjọ Messier: ìwé ìkìlọ̀ tó di atọ́nà ojú ọ̀run

Àtòjọ Messier jẹ́ àkọsílẹ̀ nǹkan 110 tó wà lójú ọ̀run. Ìdì ìràwọ̀ wà níbẹ̀, ìkúùkù gáàsì àti eruku wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbájọ ńlá tí ìràwọ̀ inú wọn kò lóǹkà. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ fún ìgbádùn fi ń mọ ọ̀nà lójú ọ̀run. Àmọ́ ohun tí ó yẹ kí èèyàn yẹra fún ni wọ́n kọ́kọ́ tò sínú rẹ̀.

Charles Messier, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1730, ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwòràwọ̀ tó wà ní Hôtel de Cluny ní Paris. Ìràwọ̀ onírù ló ń dọdẹ. Ní 1758, bó ti ń tọpa ọ̀kan, ó rí nǹkan funfun bàìbàì kan nínú àkójọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Akọ Màlúù. Ìràwọ̀ onírù a máa ṣípò lálaalẹ́. Èyí kò kúrò lójú kan. Messier kọ ibi tó wà sílẹ̀ kó má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Òun ni M1, nǹkan àkọ́kọ́ nínú àtòjọ náà, àṣẹ́kù ìràwọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà rí nígbà tó bú gbàmù ní 1054.

Àtòjọ àkọ́kọ́ jáde ní 1774 pẹ̀lú nǹkan 45. Pierre Méchain, onímọ̀ ìràwọ̀ bíi tirẹ̀, bá a wá púpọ̀ sí i, wọ́n sì di 103 ní 1781. Ní ọ̀rúndún ogún ni àwọn onímọ̀ fi 7 tó kù kún un.

Awò kékeré ni Messier lò, nítorí náà awò kékeré òde òní lè rí ohun tó rí. Ìràwọ̀ tó hàn kedere ni èèyàn fi ń wá èyí tó fara sin: ẹni tó bá ti rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lé ara wọn ní ìbàdí àkójọ ìràwọ̀ Oríónì kò ní pẹ́ rí ìkúùkù M42 nítòsí wọn. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn kan ti ń gbìyànjú láti rí gbogbo 110 lóru ọjọ́ kan, ní ìparí oṣù Kẹta.

Paris jìnnà sí gúúsù, nítorí náà Omega Centauri, ìdì ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ ní irú tirẹ̀, kò hàn níbẹ̀, kò sì sí nínú àtòjọ náà. Patrick Moore, onímọ̀ ìràwọ̀, fi í sínú àtòjọ Caldwell tirẹ̀ ní 1995. Láti Ìbàdàn, gbogbo 110 ló ṣeé rí láàárín ọdún. Omega Centauri náà sì máa ń yọ níhà gúúsù lálẹ́ oṣù Karùn-ún, bí òjò bá fàyè gbà á.