Iṣẹ́ físíò àti eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà

Iṣẹ́ físíò ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́, eré ìmárale àti ẹ̀rọ tọ́jú ẹni tó farapa tàbí tí oríkèé rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ní Amẹ́ríkà, títọ́jú eléré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti di iṣẹ́ kan lọ́tọ̀: àwọn olùtọ́jú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Kansas City ní 1950, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ sì kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní 1990. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ físíò ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà wà. Kì í ṣe orí pápá ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀, ọgbẹ́ ogun ló bí i.

Ìbẹ̀rẹ̀ ní Igbóbì

Igbóbì wà létí Ìkòròdú Road, títì tó so Ìkòròdú mọ́ Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì kó tó di ilé ìwòsàn eegun. Ní 1945, àwọn oníṣẹ́ físíò méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Miss Manfield àti Mr Williams, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà láti máa ṣe olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ físíò gan-an ní láti lọ kàwé lókè òkun. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ físíò Nàìjíríà fìdí múlẹ̀ ní 1959.

Yunifásítì

Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ físíò fún oyè dìgírì ní 1966. Ọdún kan náà ni yunifásítì yìí gbàlejò ìdíje NUGA àkọ́kọ́, èyí tí ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn yunifásítì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, ṣètò. Èkó àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé Ìbàdàn nínú ẹ̀kọ́ físíò láàárín 1970 sí 1979.

Vincent Nwuga

Ifẹ̀ ni Vincent Nwuga, tí wọ́n mọ̀ sí ọ̀jọ̀gbọ́n físíò àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ti ṣe iṣẹ́ tó fi lórúkọ. Ọ̀pá ẹ̀yìn ló gbájú mọ́. Ìwé rẹ̀ lórí fífi ọwọ́ tọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, *Manipulation of the Spine*, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1976. Ní 1982, ó tẹ ìwádìí kan jáde tó fi ìtọ́jú ọwọ́ wé ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ fún àwọn obìnrin tí ẹ̀yìn ń dùn. Ìtọ́jú ọwọ́ ló borí. Ní 1985, òun àti olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, G. Nwuga, fi eré ìmárale McKenzie, tó máa ń jẹ́ kí aláìsàn nà sẹ́yìn, wé ti Williams (kì í ṣe Mr Williams ti Igbóbì), tó máa ń jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Ti McKenzie ló ṣe dáadáa jù. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ òkèèrè ṣì ń tọ́ka sí ìwádìí méjèèjì.

Ibi tí ohùn kò ti ṣọ̀kan ni bí a ṣe lè gbára lé èsì yìí tó. Àwọn aláìsàn tó kópa kò pọ̀, obìnrin nìkan sì ni wọ́n. Àwọn tó ṣàtúnyẹ̀wò ìwádìí ìtọ́jú ọwọ́ káàkiri ayé lẹ́yìn náà sọ pé ọ̀pọ̀ nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lágbára tó. Nítorí náà, a lè sọ pé ó jọ pé ọ̀nà Nwuga ran àwọn tó tọ́jú lọ́wọ́. Bóyá yóò ṣiṣẹ́ bákan náà fún ọkùnrin tó ń sáré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ìwádìí náà kò dé ibẹ̀.

Òfin àti pápá

Òfin 1988 ló dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ físíò sílẹ̀. NUGA ṣì ń lọ. Yunifásítì Èkó gbàlejò rẹ̀ ní 2022. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ́ lórí pápá nílò ẹni tó mọ̀ bóyá ó lè padà síbi eré lọ́jọ́ náà tàbí kó jókòó. Ó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga tó bá ní pápá ní oníṣẹ́ físíò tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà.