Ọjọ́ tí Ògiri Wi-Fi Lanu

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni. Aago tiwa nílé ni mo fi tò ó.

Ìdájí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ìkirè, òfófó ti ń jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: wọ́n ti rí ihò lára WPA2, àgádágodo tí wọ́n ti ń fi ti Wi-Fi ilé láti 2004.

Aago kan ọ̀sán. Àsìkò tí epo dòdò ń hó lẹ́bàá títì Ìkirè ni Mathy Vanhoef, onímọ̀ kan ní yunifásítì KU Leuven ní Bẹ́ljíọ̀m, gbé iṣẹ́ tí òun àti Frank Piessens ṣe síta. KRACK ni wọ́n pè é.

Mo fẹ́ kó yé wa dáadáa. Bí fóònù bá fẹ́ wọ Wi-Fi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun àti ráútà máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Ìgbà kẹta ni fóònù máa ń ki kọ́kọ́rọ́ tuntun bọ̀ ọ́. Vanhoef rí i pé ẹni tó wà nítòsí lè mú kí iṣẹ́ kẹta yẹn tún dé, kí fóònù tún kọ́kọ́rọ́ kan náà kì, kí òǹkà tó ń bá kọ́kọ́rọ́ náà rìn sì padà síbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni aláǹgbá gbà wọlé. Lórí Android 6.0, ó burú jọjọ: kọ́kọ́rọ́ náà di kìkì òdo.

Ìrọ̀lẹ́. Microsoft ní àwọn ti ṣe àtúnṣe tiwọn láti ọjọ́ 10 oṣù náà. Ti Apple di ọjọ́ 31. Ṣé kí a pààrọ̀ password? Vanhoef ní ìyẹn kò dí ihò náà. Fóònù gan-an ni kí a ṣe àtúnṣe sí.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó jókòó sí Ìkirè kò lè tipa ihò yìí gbọ́ ohun tí wọ́n ń rán nílé kan ní Àpòmù, bí ìlú méjèèjì ti súnmọ́ra tó. Àfi kó dé ẹ̀yìn fèrèsé. Ṣùgbọ́n Wi-Fi kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà, yàrá sì kọjú sí yàrá lágbo ilé wa. Kọ́kọ́rọ́ kejì tí WhatsApp àti báńkì ń fi ti ọ̀rọ̀ tiwọn ló ṣẹ́ kù tó ń ṣọ́ wa.

Fóònù tòkunbọ̀ ló ń dùn mí jù, èyí tí àwọn tó ṣe é ti pa tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Android yín lálẹ́ òní, ẹ wo ọjọ́ àtúnṣe ààbò tó wà níbẹ̀. Bó bá ṣáájú 6 oṣù Kọkànlá 2017, ó ṣeé ṣe kí ihò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín.