Lynch: Ìlú tí Èédú Kó Jọ, tí Èédú sì Tún Tú Ká

Nọ́ńbà méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání lónìí: 10,000 àti 658. Ìlú kan náà ni nọ́ńbà méjèèjì ń sọ nípa rẹ̀.

Lynch ni wọ́n ń pe ìlú náà. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní Amẹ́ríkà, ní ẹsẹ̀ Black Mountain, òkè tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ yẹn. Títí di ọdún 1917, kò sí ìlú kankan níbẹ̀. Ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní. Ogun fẹ́ irin, irin sì fẹ́ èédú. Kì í ṣe èédú tá a fi ń sun àgbàdo ni mò ń sọ o. Èyí tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n wà ní Enugu. Bí ilé-iṣẹ́ U.S. Steel ṣe tẹ ìlú dó sáàárín òkè nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ yìí ló ni gbogbo nǹkan: ilé, ọsibítù, ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ilé ti bọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, èrò ń wọ́ wá. Àwọn kan wá láti Ítálì, Hungary àti Poland. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú wá láti Alabama, níbi tí oko òwú àti òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti há wọn mọ́lẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀, dúdú àti funfun jọ ń wa èédú nínú òkùnkùn kan náà. Bí wọ́n bá jáde sínú oòrùn, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ dúdú lọ́tọ̀, ti ọmọ funfun lọ́tọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1923, wọ́n kó èédú tó lé ní tọ́ọ̀nù 12,000 jáde láàárín wákàtí mẹ́sàn-án. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1940, èèyàn ibẹ̀ ti tó 10,000.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Èédú ò tán nínú òkè. Ọwọ́ èèyàn ni wọn ò nílò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ta ilé fún àwọn tó ṣẹ́ kù, wọ́n sì ti ihò ìwakùsà Portal 31 pa ní ọdún 1963. Àwọn ọ̀dọ́ di ẹrù wọn, wọ́n gba Cleveland, Detroit àti Chicago lọ. Japa ni, orúkọ ló yàtọ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2000, èèyàn 900 ló kù. Ní 2010, ó di 747. Ní 2020, 658.

Ṣé ìlú náà ti kú nìyẹn? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára rèé. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó kúrò níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Eastern Kentucky Social Club. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pàdé, láti ìlú kan sí òmíràn. Ẹ wò ó: ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ baba wọn. Ilé tí wọ́n gbé, ti ilé-iṣẹ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n yà á sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara wọn. Síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní ilé. Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tèmi ni pé onílé lè gbé ilé ọ̀hún dání rìnrìn àjò.

Lónìí, àwọn àlejò ń sanwó wọ Portal 31 láti wo bí iṣẹ́ ṣe rí. Ní Benham, ìlú tó múlé gbè é, wọ́n ti gbé páálí sólà sórí òrùlé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé èédú láti ọdún 2017.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lè pe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn jọ, ó sì lè tú wọn ká, nítorí iṣẹ́ ló wá ṣe, kì í ṣe ìlú. Àwọn èèyàn ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Ìkànìyàn ń ka àwọn tó ń sùn níbì kan. Kì í ka àwọn tó ń ṣàárò rẹ̀. Bí ìlú tí o ti wá bá ń dín kù, bi ara rẹ léèrè: ta ló ń pè yín jọ?

Ó dìgbà kan ná.