Ìrìn-àjò àmì abẹ́ ọ: láti ìpàdé 1875 dé inú sẹ́tíǹgì ímeèlì

Ẹni tó bá gba Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó yóò kọjá ní Ọ̀wẹnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, níbi tí odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà wà. Létà méjì ló ní àmì lábẹ́ nínú orúkọ yìí: Ọ àti ẹ. Nígbà kan, bí ọmọ Ọ̀wẹnà tó wà lókè òkun bá kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sínú ímeèlì, ohun tí ará ilé lè rí gbà ni ??w?nà. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ta ló wá tú ìjánu yìí?

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ apá àkọ́kọ́ ìtàn náà. Ní 1843, Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn CMS ṣèpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó, wọ́n sì fi àmì abẹ́ létà múlẹ̀. Ìgbìmọ̀ mìíràn jókòó ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Bébà ni gbogbo wọn ń rò. Kò sí ẹni tó ro ti kọ̀ǹpútà.

Ní 1979, Tom Truscott àti Jim Ellis, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, gbèrò Usenet, níbi tí àwọn newsgroup ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1984, Larry Wall gbé rn jáde fún kíka ìròyìn wọn. Fáìlì kan tó ń jẹ́ .newsrc ló máa ń rántí ẹgbẹ́ tí o wà àti àwọn ìwé tí o ti kà. Ṣùgbọ́n ASCII ni wọ́n ń lò, àyè 128 péré ló sì ní. Kò sí ọ níbẹ̀, kò sí ẹ, kò sí ṣ. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní soc.culture.nigeria ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kún un ní láti kọ ọ́ láìsí àmì. Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ wọn lónìí tó rí "owo", ṣé owó ni, àbí ọwọ́, òwò, tàbí ọ̀wọ̀? Àyíká ọ̀rọ̀ nìkan ló lè gbà á sílẹ̀.

Ní 1992, ọ̀nà méjì là. Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé MIME jáde, èyí tó jẹ́ kí lẹ́tà máa sọ lórí ara rẹ̀ irú charset tí wọ́n fi kọ ọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8, tó lè gbé létà gbogbo èdè. Àmọ́ sẹ́tíǹgì ọ̀pọ̀ ètò ìkàwé ṣì wà lórí ISO-8859-1, tí wọ́n ṣe fún èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ó ní à nítorí pé Faransé ń lò ó, kò sì ní ọ. Ìdí nìyẹn tí à fi yè nínú ??w?nà.

Ọ̀nà méjì ni nǹkan fi ń bàjẹ́, wọn kò sì dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ lẹ́tà ni sẹ́tíǹgì ti burú, àmì ìbéèrè gan-an ló fi ránṣẹ́, létà náà ti lọ pátápátá. Bí ó bá fi UTF-8 ránṣẹ́, tí ti ẹni tó gbà á sì wà lórí ISO-8859-1, ẹ yóò di áº¹. Èyí ṣeé tún ṣe: yí charset padà, ẹ yóò padà bọ̀ sípò.

Thunderbird 1.0, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2004, da ímeèlì àti newsgroup pọ̀, èèyàn sì lè yan charset níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Lónìí, UTF-8 ni ọ̀pọ̀ ètò ń lò láìjẹ́ pé a yàn án. Ìṣòro tó kù kéré: Unicode kò ní àyè kan ṣoṣo fún ọ̀, ọ àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀, fọ́ǹtì mìíràn sì máa ń gbé àmì náà síbi tí kò yẹ.

Nítorí náà, ẹ̀rọ kò dí wa lọ́wọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí a bá ṣì ń kọ Owena nínú lẹ́tà Yorùbá, àwa la yàn án. Ẹ fi Ọ̀wẹnà ránṣẹ́ sí ara yín lónìí, kí ẹ wo bó ṣe dé. Bí ó bá dé ní àìpé, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.