Aràrá Kì Í Joyè

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnì kan bá pè yín wá ṣeré, tó ní kí ẹ di ẹnikẹ́ni tó wù yín, àmọ́ tó ti tilẹ̀kùn ààfin mọ́ àwọn kan, ṣé ẹ ó gbà pé òótọ́ ló sọ?

Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ Amẹ́ríkà méjì, gbé eré kan jáde tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Àwọn òṣèré á jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì. Ọ̀kan á máa ṣe adájọ́. Àwọn yòókù á yan ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ́: jagunjagun, oṣó tàbí àlùfáà. Bí jagunjagun bá ṣe ń ṣẹ́gun ni ipò rẹ̀ ń ga. Tó bá dé ipò kẹsàn-án, tó sì kọ́ ilé olódi, ó di ìjòyè onílẹ̀ nìyẹn; á máa gba owó wúrà 10 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún.

Ó dùn, àbí? Ẹ dúró ná. Èèyàn lè ní aràrá lòun fẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí aràrá bá jagun títí, ipò kẹfà ni yóò dúró. Òfin ò ní láti sọ pé aràrá ò gbọdọ̀ joyè. Ìṣirò ti bá a sọ ọ́.

Àwọn tó gbèjà òfin yìí ní aràrá ti ní ẹ̀bùn tí èèyàn ò ní, kó má baà gba gbogbo ayé eré náà. Mo gbọ́. Àmọ́ bí ẹ̀bùn bá pọ̀ jù, ṣebí wọn ì bá dín ẹ̀bùn kù. Kí ló dé tó jẹ́ oyè ni wọ́n fi dù ú?

Ìwé tó jáde ní 1978 gbé ààlà náà sókè díẹ̀ fún aràrá tó bá lágbára gidi. Ìwé yẹn kan náà ló tún ní agbára obìnrin ò gbọdọ̀ tó ti ọkùnrin, bó ti wù kí dáìsì ṣojúure sí i. Ọdún 1989 ni wọ́n yọ ti obìnrin kúrò. Ti aràrá di 2000.

Ayé eré náà ò sì parun. Ohun tí wọ́n pè ní àdámọ́ aràrá fún ọdún 26, pẹ́ńsù ló kọ ọ́, pẹ́ńsù náà ló pa á rẹ́. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ibi báyìí ni irú èèyàn kan mọ, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?